Orí Kẹta: Ìṣègùn Ọkàn àti Iṣẹ́ Dókítà Ọkàn

Ìṣègùn ọkàn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kadiọ́lọ́jì, jẹ́ ẹ̀ka kan lára ìṣègùn inú tí a kà ní orí kejì. Ọkàn fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé: ẹran ara rẹ̀, awọ tó bò ó, àwọn fáàfù inú rẹ̀, iná tó ń mú un lù, àti àwọn iṣan ńláńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí tó ń gbé e padà wá. Ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan bó ṣe ń kọjá lọ, wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nílẹ̀ wa níbí, ìfúnpá yìí gan-an ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò dókítà ọkàn.

Ẹ jẹ́ ká pa ààlà ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Dókítà ọkàn kì í la àyà ènìyàn. Ẹni tó ń la àyà, tó ń pààrọ̀ fáàfù tàbí tó ń rán ihò inú ọkàn pa, oníṣẹ́ abẹ ni, ọ̀nà tó gbà kọ́ṣẹ́ sì yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Dókítà ọkàn ló máa wádìí ohun tó ń ṣe aláìsàn, òun ló máa fi oògùn gbé e ró, òun náà ló sì máa sọ ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀ abẹ. Ọmọdé tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn, ọwọ́ dókítà ọmọdé tó tún kọ́ nípa ọkàn ló wà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Dókítà ọpọlọ ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà tó ń ba ọkàn jẹ́ ló sábà máa ń fa òun náà.

Iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ara ká, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ ti dínkù, ó sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Apá òsì ń gba èyí tó ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, ó ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Fáàfù mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ̀nà kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ló nípọn jù, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ rin ọ̀nà tó jìn jù. Ẹ fi yàrá yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Ọkàn àgbàlagbà ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 250 sí 350. Bí ẹni tó ni ín bá jókòó jẹ́ẹ́, á máa lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì ti nǹkan bíi lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Inú ọkàn fúnra rẹ̀ ni iná tó ń mú un lù ti ń wá, láti ibi bíńtín kan nínú yàrá òkè lápá ọ̀tún, tí Arthur Keith àti Martin Flack ṣàpèjúwe ní 1907. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi lè máa lù fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára. Ẹni tó bá ti bá wọn kun ahun rí á ti fojú ara rẹ̀ rí i.

Bí ẹ̀ka yìí ṣe dá dúró

Ní 1628 ni William Harvey, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yípo nínú ara, àti pé ọkàn ló ń tì í. Títí di ìgbà yẹn, ẹ̀kọ́ Galen ni wọ́n ń kọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yúróòpù, pé ẹ̀dọ̀ ló ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, tí ara á sì máa lò ó tán. Ìṣirò ni Harvey fi já a. Ó wo iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìgbà tó ń lù, ó sì rí i pé kò sí oúnjẹ tí ènìyàn lè jẹ tó máa dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa padà wá ni. Ibn al-Nafis, tó ṣe dókítà ní Káírò ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti apá ọ̀tún ọkàn bọ́ sí apá òsì. Ọdún 1924 ni wọ́n tó tún ṣalábàápàdé ìwé rẹ̀ náà nínú ilé ìkówèésí kan ní Berlin.

Ṣùgbọ́n mímọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà ọkàn. Ohun èlò ló bí ẹ̀ka yìí. Inú àgò egungun ni ọkàn wà, kò ṣeé rí, kò ṣeé dì mú. Gbogbo ìgbà tí ohun èlò tuntun bá dé ni apá kan ìṣe rẹ̀ máa ń hàn síta, tí àwọn kan á sì jókòó ti ohun èlò náà títí wọ́n á fi di ọ̀gá nínú rẹ̀.

Ní 1816, René Laennec ní obìnrin kan láti yẹ̀ wò nítorí àìsàn ọkàn, ní ìlú Paris. Ohun tí dókítà ń ṣe nígbà náà ni pé á gbé etí lé aláìsàn láyà. Obìnrin yìí ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó sì sanra, ojú ti Laennec. Ó ká bébà róbótó, ó fi ẹnu kan lé obìnrin náà láyà, ó gbé etí sí ẹnu kejì. Ó gbọ́ ọkàn rẹ̀ ketekete ju bó ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà tó bá gbé etí lé àyà gan-an lọ. Lẹ́yìn náà ló wá fi igi gbẹ́ irú ẹ̀. Sítẹ́tósíkóòpù tí dókítà ń fi kọ́rùn lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Scipione Riva-Rocci ará Ítálì ló ṣe ọ̀já rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lápá ní 1896, láti fi wọn ìfúnpá. Ní 1905, Nikolai Korotkov ará Rọ́ṣíà fi sítẹ́tósíkóòpù sí abẹ́ ọ̀já náà, ó gbọ́ ìró kan tó bẹ̀rẹ̀ tó sì dákẹ́ bí atẹ́gùn ṣe ń jáde. Nọ́ńbà méjì tí nọ́ọ̀sì ń kọ sínú káàdì yín, ibi tí ìró náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti dákẹ́ ni.

Willem Einthoven ní tiẹ̀ mú iná ọkàn jáde sórí ìwé. Ìlú Leiden ní ilẹ̀ Netherlands ló wà, ó sì ti parí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó máa fi di 1903. Ẹ̀rọ náà wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 270, ènìyàn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ ìdí rẹ̀. Kò ṣeé gbé lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí náà wọ́n fa wáyà tó gùn tó kìlómítà kan àti ààbọ̀ láti ilé ìwòsàn wá sí yàrá ìwádìí rẹ̀. Aláìsàn á ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi iyọ̀, wáyà á sì gbé iná ọkàn rẹ̀ lọ. Einthoven ló fún àwọn òkè àti kòtò tó hàn lórí ìwé ní orúkọ P, Q, R, S àti T, orúkọ yẹn náà la ṣì ń pè wọ́n. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924. ECG, ìyẹn àyẹ̀wò iná ọkàn, tí wọ́n ń ṣe lónìí, bébà kan péré ni èsì rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè wọ inú báàgì.

Èyí tó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ti Werner Forssmann. Dókítà ọ̀dọ́ ni ní ìlú Eberswalde ní Jámánì ní 1929. Ó gbà pé a lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan apá dé inú ọkàn láìpa ènìyàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Nọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ ibi ìkóhun-èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbà láti ràn án lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé ara òun ló máa ti dán an wò. Forssmann so nọ́ọ̀sì náà mọ́ tábìlì, ó ṣe bí ẹni pé apá rẹ̀ lòun fẹ́ gún, ó sì yí padà gún apá ara rẹ̀. Ó ti rọ́bà náà wọlé, ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray pẹ̀lú rọ́bà lára, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, orí rọ́bà náà sì wà nínú ọkàn rẹ̀. Ìyìn kọ́ ló kọ́kọ́ gbà. Iṣẹ́ àìsàn ìtọ̀ ló yà sí nígbẹ̀yìn. Ní 1956 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú André Cournand àti Dickinson Richards, àwọn méjì tó sọ ọgbọ́n náà di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni Andreas Gruentzig dúró lé ní Zurich ní 1977, nígbà tó fi bàlúùnù kékeré tó wà lórí rọ́bà la iṣan ọkàn tó ti ń dí, tí aláìsàn sì wà lójúfò.

Inge Edler àti Hellmuth Hertz ní ìlú Lund ní Sweden ló bẹ̀rẹ̀ echo, ìyẹn fífi ohùn wo inú ọkàn, ní 1953. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi fi ń wá ibi tí irin ti sán ni wọ́n yá, wọ́n fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ sínú àyà, ohùn náà sì ń padà wá sọ ibi tí ògiri ọkàn wà. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní 1958, wọ́n fi ẹ̀rọ amọ́kànlù sínú ara ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Arne Larsson ni orúkọ aláìsàn náà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò lò ju wákàtí mélòó kan lọ kó tó bàjẹ́. Larsson lo ẹ̀rọ 26 kó tó kú ní 2001 lẹ́ni ọdún 86, lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹni tó fi í sí i lára ti kú.

Nínú yàrá àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin oníṣòwò aṣọ kan, ẹni ọdún 52, ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí dókítà ọkàn kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò tíì rí irú rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Kí ló ń ṣe yín?”

“Dókítà, mi ò rí oorun sùn mọ́. Tí mo bá ti dùbúlẹ̀, èémí mi á há.”

“Ìrọ̀rí mélòó lẹ ń gbé orí lé?”

“Mẹ́ta. Nígbà míì gan-an, ìjókòó ni mo ń sùn.”

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ní mo tẹ nǹkan ni. Àgúnmu tí wọ́n fún mi, mo ti lò ó tán, ó tún ń wú sí i ni.”

“Wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru?”

“Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi. Mo lo oògùn rẹ̀ títí ara mi fi yá, mo wá fi í sílẹ̀.”

Dókítà kò tíì fọwọ́ kan aláìsàn yìí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wo ìdí. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, omi tó ti dúró sí ẹsẹ̀ látàárọ̀ á máa padà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì gba àyà. Ọkàn tó lágbára á tì í kọjá. Èyí tó ti rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, omi á kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí á há. Ìrọ̀rí mẹ́ta yẹn, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ti fi wá ìwòsàn. Bí ọdún méjì sẹ́yìn ó jẹ́ ọ̀kan, tó wá di méjì, tó wá di mẹ́ta, a ti mọ bí àìsàn náà ṣe ń yára tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó béèrè iye rẹ̀, kó má kàn béèrè pé “ṣé ẹ ń sùn dáadáa?”

Ó kan ọwọ́. Dókítà á gbé orí ibùsùn sókè díẹ̀, á wo iṣan ọrùn. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, iṣan yẹn kì í hàn ga ju egungun èjìká iwájú lọ. Ti obìnrin yìí yọ dé ìdí etí, ó ń mì. Á fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tó bá yọ ìka, ibẹ̀ á jìn wọnú. Á wá ibi tí ọkàn ti ń ta ọwọ́ jù lọ láyà. Ó yẹ kó wà láàárín egungun ìhà karùn-ún àti ìkẹfà lápá òsì, ní ọ̀gangan àárín egungun èjìká iwájú. Tirẹ̀ ti sún lọ sí ọ̀nà abíyá, ìyẹn ni pé ọkàn ti tóbi. Lẹ́yìn náà ni sítẹ́tósíkóòpù. Ìró méjì ni ọkàn máa ń dún, ìró fáàfù tó ń tì. Ní ti obìnrin yìí ẹ̀kẹta wà níbẹ̀, ó rọlẹ̀, ó ṣòroó gbọ́ bí ariwo bá wà ní yàrá. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170/110. Láti 140/90 sókè la ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti fà á wálẹ̀ sí 130/80 láti 2017.

ECG fi hàn pé ẹran ọkàn òsì ti nípọn. Echo ló wá sọ èyí tó kù. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, ọkàn tó dá ṣáṣá máa ń ti ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Ti obìnrin yìí jẹ́ ìdá 30. Àìsàn náà ni a ń pè ní àárẹ̀ ọkàn. Ọkàn rẹ̀ kò dá iṣẹ́ dúró o. Kò kàn lè ṣe tó bó ṣe yẹ ni.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Bí ìfúnpá bá ga fún ọdún pípẹ́, yàrá òsì á máa ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí agbára tó ju agbára lọ. Ẹran rẹ̀ á kọ́kọ́ le, á nípọn, bí apá alábàárù ṣe ń yọ iṣan. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni náà ń tajà, ó ń lọ òde, kò sí ibì kan tó ń dùn ún. Àmọ́ ẹran tó nípọn ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i, kì í sì í rọ̀ dáadáa láti gbàyè fún ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé. Bó bá yá, á fẹ̀, á dẹ̀, ìgbà yẹn ni èémí á bẹ̀rẹ̀ sí há. Nígbà tí obìnrin yìí pa oògùn rẹ̀ tì nítorí ara rẹ̀ yá, ara kọ́ ló yá. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í ké.

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Furosemide á mú un tọ omi tó pọ̀ lára rẹ̀ dànù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á padà máa sùn lórí ìrọ̀rí kan. Aláìsàn fẹ́ràn oògùn yìí torí ó rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń fa ẹ̀mí gùn. Ẹ̀yà oògùn mẹ́rin tí ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń dẹ iṣan, bíi lisinopril; èyí tó ń dín ìsáré ọkàn kù, bíi carvedilol; spironolactone; àti dapagliflozin tàbí empagliflozin, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àtọ̀gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ carvedilol, torí bó bá pọ̀ lójijì, ó lè dá àárẹ̀ kún àárẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kíndìnrín àti pọtásíọ̀mù. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn èròjà ọbẹ̀ oníhóró tí iyọ̀ kún inú wọn. Dókítà tó bá sọ fún ìyá oníyàá pé “ẹ má jẹ iyọ̀ mọ́”, tí kò béèrè ẹni tó ń se ọbẹ̀ nílé, kò tíì sọ nǹkan kan.

Àìsàn tó kún wọ́ọ̀dù wa

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àìsàn ọkàn àti iṣan pa ènìyàn mílíọ̀nù 17.9 ní 2019, ìyẹn ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́dún náà. Bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣan tó ń bọ́ ọkàn tó dí lójijì ni wọ́n á fi ṣáájú: ọkùnrin kan di àyà mú, ó ń làágùn, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ pẹ̀lú fèrè. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán yẹn tàn yín jẹ. Òótọ́ ni pé àìsàn náà ń pọ̀ sí i níbí, pàápàá láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń mu sìgá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kún wọ́ọ̀dù.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF tọpa aláìsàn 1,006 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọkàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba jẹ́ ọdún 52. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bíi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣan ọkàn dídí kò tó ìdá mẹ́wàá. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni àádọ́rin ọdún ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Tiwa ṣì ń sanwó ilé ìwé ọmọ. Èrò mi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọkàn nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti orí ìfúnpá bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ohunkóhun mìíràn.

Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó, fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn wádìí ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí àwọn kan ṣì ń rò pé àìsàn òyìnbó ni. Òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997, ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni wọ́n rí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n tí wọ́n lò nígbà náà ga ju ti òní lọ. Bí wọ́n bá ti lo 140/90, iye náà ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayodele Falase, tó tún ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó jinlẹ̀ jù nínú àìsàn ẹran ọkàn ní Nàìjíríà.

Àìsàn fáàfù ni a ó mẹ́nu bà tẹ̀ lé e. Ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní streptococcus á mú ọ̀fun ọmọdé dùn. Ara ọmọ náà á gbógun tì í, ṣùgbọ́n ogun náà á ṣèèṣì kọlu oríkèé àti fáàfù ọkàn. Oríkèé á sàn. Fáàfù á máa lẹ̀, á máa le, títí ọmọ náà á fi di ọ̀dọ́ tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Pẹnisílínì tí kò wọ́n ló ń dá a dúró tí wọ́n bá tètè lò ó, ẹni tó bá sì ti ní in lẹ́ẹ̀kan ní láti máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọdún púpọ̀. Àìsàn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní àwọn ìlú olówó, láìsí ẹ̀rọ ńlá kankan.

Lápá òkè Nàìjíríà, ní Zaria àti Kano, àárẹ̀ ọkàn tó ń mú abiyamọ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀ ju bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ. Àwọn oníwádìí ní Zaria láàárín 1970 sí 1980 fura sí àṣà tí abiyamọ fi ń mu kókó oníkáún, tó sì ń dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n ń dáná sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó tún un wò lẹ́yìn wọn kò rí i pé àṣà náà tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa àbùdá àti oúnjẹ abiyamọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀ka inú ẹ̀ka, àti ọ̀nà tí a ń gbà débẹ̀

Bí ohun èlò ṣe ń pọ̀ ni iṣẹ́ náà ń pín sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé rọ́bà ni iṣẹ́ wọn, wọ́n ń la iṣan tó dí, wọ́n ń tún fáàfù ṣe láìla àyà. Àwọn kan ń rí sí iná ọkàn àti ẹ̀rọ amọ́kànlù. Àwọn kan, echo àti àwòrán ni tiwọn. Àárẹ̀ ọkàn náà ti di ẹ̀ka lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdènà àìsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ wa, ẹnì kan náà ló ń ṣe nǹkan bíi mẹ́ta nínú wọn kó tó jẹun ọ̀sán.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní Nàìjíríà á kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, á ṣe háósìjọ́ọ̀bù fún ọdún kan, á sin orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ló máa wọ rẹ́sídẹ́ńsì nínú ìṣègùn inú, tó lè gba ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, abẹ́ rẹ̀ ni yóò ti wá yan ọkàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló ń fi ìdánwò lé e: ti Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún mẹ́ta fún ìṣègùn inú àti ọdún mẹ́ta míì fún ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ṣe apá kìíní níbí ló ń lọ parí apá kejì lọ́hùn-ún, tí wọn kò sì padà. Àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó mọ ìró ọkàn, tẹkiníṣíànì tó ń ṣe ECG, àti ẹni tó ń ṣe echo. Àwọn oníṣẹ́ abẹ náà ti wà nílé tipẹ́: 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn tọ́jú ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Enugu.

Ìdánrawò

1. Sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ dókítà ọkàn àti ti oníṣẹ́ abẹ ọkàn. Aláìsàn wo ló máa ń nílò àwọn méjèèjì?

2. Ya àwòrán yàrá mẹ́rin inú ọkàn, kí o fi ọfà tọ́ka ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Fi àmì sí yàrá tí ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ ń dà láàmú, kí o sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

3. Fi ìṣirò Harvey dán an wò: bí ọkàn bá ń ti mìlílítà 70 jáde lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń lù ní ìgbà 72 láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà mélòó ló máa tì jáde ní wákàtí kan? Fi wé lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ara àgbàlagbà.

4. Ọmọbìnrin ọdún 14 kan ń mí gúlegúle bó bá gun òkè ilé ìwé wọn. Ìyá rẹ̀ rántí pé oríkèé rẹ̀ wú nígbà tó wà ní ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí ọ̀fun dùn ún, àti pé àgbo ni wọ́n fún un mu tó fi lọ. Ìbéèrè mẹ́rin wo lo máa bi ìyá náà, apá ibo nínú ọkàn lo máa kọ́kọ́ gbọ́, àyẹ̀wò wo lo sì máa ní kí wọ́n ṣe ṣáájú?